Àmì Tí Ẹ Máa Ń Fi Ránṣẹ́

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mo kí yín láti Ṣómólú. Mi ò ṣiṣẹ́ ìwé títẹ̀ mọ́. Ìdí kọ̀ǹpútà ni mo ń jókòó sí báyìí, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Iléeṣẹ́ wa kéré, ọkọ̀ mẹ́ta la ní. Bí obìnrin bá ń rọbí ní Bàrígà tàbí Obanikoro, wọ́n á tẹ̀ bọ́tìnnì lórí fóònù láti ránṣẹ́ sí wa, a ó sì rán ọkọ̀ lọ gbé e. Wàhálà ibẹ̀ ni pé bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń ṣe ségesège, tí fóònù ò gbọ́ èsì, ṣe ni yóò tún iṣẹ́ kan náà rán fúnra rẹ̀. A ti rán ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ẹnu ọ̀nà ilé kan rí, obìnrin kan ṣoṣo ló jáde. Àwọn dẹ́rẹ́bà bú wa bí ẹni láyin.

Ọ̀gá mi, obìnrin ni, ní kí n máa pa ìpè tó bá jọra rẹ́: nọ́ńbà kan náà, àdúgbò kan náà. Mo ní rárá. Ẹ mọ̀ mí. Àwọn agbẹ̀bí wà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà níbí, tí fóònù wọn jẹ́ ọ̀kan, tí aláboyún ọ̀dọ̀ wọn sì ju ọ̀kan lọ. Ta ni yóò gbé obìnrin kejì?

Ọ̀gá mi ní: “Ará oko yìí, ṣé agídí ni wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé abúlé yẹn ni? Ó dáa, kí lo fẹ́ ṣe sí i?”

Ẹ̀yin ni mo rántí. Kí fóònù tó dé abúlé wa, ẹ kì í fi ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí mi. Ìyá Ṣadé tó ń kó gààrí wá sí Bàrígà á gbé e wá, Bọ̀dá Múfú tó ń wa ọkọ̀ pákó á tún gbé e wá, kó má bàa sọnù lọ́nà. Ẹ ó wá fi àmì sí i: ọjọ́ tí ewúrẹ́ jẹ fìlà yín. Bí mo bá gbọ́ ewúrẹ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì, iṣẹ́ kan ni. Bí ọ̀kan bá ní ewúrẹ́, tí èkejì ní ìjì ṣí páànù, iṣẹ́ méjì ni, bí ọ̀rọ̀ wọn tilẹ̀ jọra. Ta ló kọ́ yín? Mi ò bi yín rí.

Ohun tí mo ṣe nìyẹn. Ẹni tó bá pè, ìpè rẹ̀ á gba àmì tuntun; bí fóònù bá ń tún un rán fúnra rẹ̀, àmì àkọ́kọ́ náà ni.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ìpè méjì wọlé láti fóònù kan ní Ìlàjẹ. Àmì wọn yàtọ̀. Ọkọ̀ kan ti bàjẹ́, ọ̀kan ti ń lọ síbẹ̀ nítorí ìpè àkọ́kọ́, ọ̀kan ló kù. Ọ̀gá mi ní ìbẹ̀rù lè mú kí agbẹ̀bí náà tẹ̀ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀mejì. Bí Obanikoro bá wá pè ńkọ́? Òótọ́ ló sọ. A pe agbẹ̀bí náà, ìpè wa kò wọlé. Mo ní kí ọkọ̀ tó kù náà lọ.

Dẹ́rẹ́bà kejì ló pè padà: “Bọ̀dá, méjì ni wọ́n o! Ẹ ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn ọsibítù sílẹ̀!”

Àwọn méjèèjì bí láyọ̀. Ọ̀gá mi ṣì ń pè mí ní ará oko.

Ohun kan ṣì ń dùn mí. Nígbà tí ẹ lọ, Ìyá Ṣadé gbé ìròyìn náà wá láàárọ̀, Bọ̀dá Múfú gbé e wá lọ́sàn-án. Mo béèrè àmì. Ìyá Ṣadé wò mí, ó bú sẹ́kún. Mo ní bí kò bá ti sí àmì, irọ́ ni, mo sì bá wọn jà títí mo fi délé tí mo rí iyẹ̀pẹ̀ tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ta ni ìbá fi àmì sí i, nígbà tí kì í ṣe ẹ̀yin lẹ rán an?

Ọ̀nà méjì ni mo fi ń rán lẹ́tà yìí. Ìyá Ṣadé á gbé ọ̀kan wá síbi ibojì yín, èmi náà á mú ọ̀kan wá. Bó bá dé lẹ́ẹ̀mejì, iṣẹ́ kan ni. Àmì rẹ̀ ni ọjọ́ tí mo dé fìlà tí ewúrẹ́ jẹ lọ síbi iṣẹ́.

Èmi ni,
ọmọ yín alágídí.