Ooru Pobè àti Fíìmù Inú Agolo

Bàbá mi, ọkọ ìyá mi,

Àdùkẹ́ ọmọ mi ló jókòó tì mí, tó ń kọ ohun tí mò ń sọ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ kò jẹ́ kí n lọ sílé ìwé, nítorí náà ẹ má bínú pé ẹlòmíràn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àárín wa. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá, ooru yìí ti sú mi. Ní Pobè níbí, omi inú àgbá ti ń gbóná láti òwúrọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan gbé e kaná. Ẹ rántí yàrá òkùnkùn yín lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ ti ń fọ fọ́tò kí ẹ tó lọ sóko? Èmi ni mo ká koríko orí rẹ̀ kúrò, tí mo fi páànù bò ó. Mo rò pé ọ̀làjú ni. Bí mo bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ra báyìí, àfi bí ẹni tí wọ́n ń sè nínú ìkòkò.

Ẹ óò máa béèrè ohun tí arúgbó ń wá níbẹ̀. Fíìmù méjì tí ẹ fi sínú agolo mílíìkì ni. Kí ẹ tó kú, ẹ sọ fún mi pé Ìyá wà nínú wọn. Àìná àbúrò mi kò tíì já lẹ́nu ọmú nígbà tí Ìyá fi ayé sílẹ̀. Ó ti di ìyá àgbà ní Sakété báyìí, ó ń ta gaàrí, kò sì mọ ojú ìyá tó bí i. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni: ẹ̀gbọ́n mi, fíìmù yẹn ńkọ́?

Kí ló dé tí ẹ kò fọ̀ wọ́n fúnra yín, Bàbá? Ẹ fọ fọ́tò ìyàwó àti ti ìbejì fún gbogbo ìlú, agolo náà sì wà lórí pẹpẹ. Ẹ̀rù ló ń bà yín ni?

Àdùkẹ́ rí oògùn tí wọ́n fi ń fọ fíìmù rà ní Kútọnu. Ó ra tẹmọmẹ́tà pẹ̀lú, igi gíláàsì tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ó ní ooru oògùn tó ń yọ àwòrán kò gbọdọ̀ ju ogún lọ lójú tẹmọmẹ́tà náà. Ta ni yóò fi ìyẹn kọ́ mi? Ṣebí ọwọ́ lẹ fi kọ́ mi. Ẹ óò ki ọrùn ọwọ́ mi bọ inú abọ́, ẹ óò ní bí omi àmù ìdájí ni kó ṣe rí. Lọ́jọ́ tí Àdùkẹ́ lọ síbi iṣẹ́, mo ti oko dé ní ọ̀sán gangan, mo ju ọkọ́ sílẹ̀, mo ra omi dídì inú ọ̀rá méjì, mo fi wọ́n ti abọ́ oògùn. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó tutù dáadáa. Mo pa iná, mo di fíìmù àkọ́kọ́ mú létí méjèèjì, mo ń fà á lọ fà á bọ̀ nínú oògùn bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Kò pẹ́ tí nǹkan fi ń yọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò mi. Ara fíìmù náà ló ń yọ́ bí òrí nínú oòrùn. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, ike lásán ló kù lọ́wọ́ mi.

Ọwọ́ tó ti wà nínú oòrùn láti àárọ̀, kí ni kò ní tutù lójú rẹ̀? Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí? Ẹ kàn ní kí n máa ṣe é láàárọ̀ ni. Mo rò pé nítorí oko ni! Kí ló ṣe yín tí ẹ kò sọ ìdí rẹ̀?

Ọjọ́ ọjà méjì kọjá, n kò lè dé Sakété.

Nígbà tó kan fíìmù kejì, Àdùkẹ́ kò fi mí sílẹ̀. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ó gbé abọ́ oògùn sínú agbada ńlá, ó kó omi dídì yí i ká, ó ki tẹmọmẹ́tà bọ̀ ọ́. Mo tún na ọwọ́.

“Bàbá, ẹ yọwọ́!”

“Ó ti tó.”

“Kò tó. Ó ku díẹ̀ kó pé ọgbọ̀n. Ṣé ẹ tún fẹ́ se Ìyá àgbà bí ẹ̀fọ́ ni?”

Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ ọmọ yín ń sọ sí mi! A dúró títí. Ohun pupa inú gíláàsì náà ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbín. Omi tí a ó fi ṣan fíìmù, ó ní àfi kó rí bákan náà. Nígbà tó dé ogún, mo ní omi yìí yóò fún fíìmù ní òtútù àyà. Ó pa iná.

Àwòrán jáde. Ó ti ṣú létí-etí nítorí ogbó, ṣùgbọ́n Ìyá ni. Bàbá, kí lẹ fi ṣe obìnrin yìí? Ó ń bo ojú, ó ń kẹ̀yìn sí yín. Ẹyọ kan ṣoṣo tí ojú rẹ̀ hàn, ìbínú ni: igbá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ là, bí ẹni fẹ́ sọ igbá náà lù yín. Gbogbo ìyàwó Pobè lẹ mú jókòó jẹ́ẹ́. Tiwa nìkan ló ṣòro?

Mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, mo gun zẹ́mìjàn, alùpùpù akérò, lọ sí Sakété. Mo jẹ́wọ́ fíìmù àkọ́kọ́ kí n tó fi fọ́tò náà lé Àìná lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbọ́ mi. Ó gbé e sún mọ́ ojú, ó wò ó títí, àwọn oníbàárà ń dúró.

“Ta ni Ìyá ń bú báyìí?”

“Bàbá ni.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó jókòó lórí àpò gaàrí, ó ní kí n sọ fún òun gbogbo ohun tí Ìyá ń wí sí yín. N kò rántí mọ́, Bàbá. Ni mo bá hùmọ̀ rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo bú yín dáadáa títí oòrùn fi wọ̀.

Èmi ni, ọmọ yín olóríkunkun, tí ọkàn rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ yín.