Ọmọ Oníka Mẹ́fà Tí Wọ́n Ní Kì Í Ṣe Tiwọn

Ẹ fi orúkọ mi pamọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ mi pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún lónìí, Thursday tó ń bọ̀ yìí ni mo sì fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n gbé e fún ẹlòmíì láti gbà tọ́. Adoption. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn rẹ̀ o... mo fẹ́ kí ìdílé bàbá rẹ̀ má fojú kàn án mọ́ títí ayé ni. Mo mọ bó ṣe rí létí. Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu mi ná.

Ijoun ni ilé bàbá mi, mo kàwé gboyè ní yunifásítì, mo sì ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Ìlaròó. Ọkùnrin náà, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Bọ̀dé, iṣẹ́ clearing, gbígba ẹrù oníṣòwò jáde lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ló ń ṣe ní bọ́dà Ìdí-Ìrókò, òní Owódé, ọ̀la Kútọnu. Ọdún mẹ́rin la fi fẹ́ra. Hẹ́dímásítà tó ti fẹ̀yìntì ni bàbá rẹ̀, òun náà ni akọ̀wé ìjọ wọn; tíṣà ni màmá rẹ̀. Gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ nílé yẹn. Bí aládùúgbò bá yá àkàbà wọn, á fọwọ́ síwèé. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Nígbà tí mo lóyún, Bọ̀dé ní Kútọnu lòun wà ní gbogbo oṣù tí oyún náà dúró. Irọ́! Sunday méjì nínú oṣù náà, ilé mi ló ti jẹun ọ̀sán. Màmá rẹ̀ yọ kàlẹ́ńdà ìjọ lára ògiri pálọ̀, ó fi bírò pupa ka ọ̀sẹ̀ níṣojú mi bí ẹni ń máàkì ìdánwò, ó ní Miss, ìṣirò yín ò jáde o. Èmi tí wọ́n ti ń pè ní ìyàwó wa láti ọdún kejì, mo di Miss. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n kọ lẹ́tà. Bàbá rẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́, ó fi rúlà fàlà sábẹ́ àkọlé pé oyún náà kì í ṣe tiwọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i. Ẹ̀dà mẹ́ta. Ọ̀kan fún ìjọ, wọ́n kà á fún àwọn àgbà ìjọ. Ọ̀kan fún ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ni, ni wọ́n bá ní kí n lọ sinmi nílé. Ẹ̀kẹta fún bàbá mi...

Bàbá mi, àgbẹ̀ ni, kò mọ̀wé. Nígbà tí ọlọ́kadà gbé àpòòwé náà dé, ó rò pé lẹ́tà tí wọ́n fi ń dá ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ó dé fìlà. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kí wọ́n wá bá òun gbọ́ ọ, ó ní kí ọmọbìnrin aládùúgbò wa kan tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì kà á sókè. Ọmọ náà kà á dé ibi tí wọ́n ti ní èmi ń wá ẹni tí màá gbé ẹrù ẹlẹ́rù lé lórí, ó fẹ́ ká lẹ́tà náà padà. Bàbá mi ní kó kà á tán. Ó kà á tán. Bàbá mi ṣí fìlà, ó dì í mọ́wọ́, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé wọ́n wá. Kò tíì bá mi sọ ọ̀rọ̀ lẹ́tà yẹn rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló sọ fún mi, òun ló sì mú lẹ́tà náà fún mi. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa dárí jì wọ́n?

Mo bí ọkùnrin. Ìka mẹ́fà ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ẹni tó bá ti bọ hẹ́dímásítà yẹn lọ́wọ́ rí mọ̀ pé òun náà ní ìka mẹ́fà, ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ tó fi kọ lẹ́tà. Olúgbódi ni Yorùbá ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò dúró de ẹni tí yóò sọ ọ́ lórúkọ. Nọ́ọ̀sì ní òun lè fi òwú so ìka kékeré náà kó já bọ́. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ìjọ kan náà lòun àti ìdílé Bọ̀dé ń lọ, mo mọ̀ pé á sọ fún wọn. Mo fẹ́ kó sọ.

Ọjọ́ keje ni wọ́n wá bá mi nílé bàbá mi, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pẹ̀lú oyin, obì, orógbó. Màmá rẹ̀ ní, "Ìyàwó wa, o kú ewu ọmọ o!" Ìyàwó ta ni? Hẹ́dímásítà mú ọwọ́ ọmọ, ó ń ka ìka, omi lé ròrò sí i lójú, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàánú rẹ̀... àfi ìgbà tó yọ lẹ́tà kejì lápò. Wọ́n ti fagi lé ti àkọ́kọ́, ọmọ tiwọn ni, kí n fún un lọ́mú fún oṣù mẹ́fà kí wọ́n wá gbé e, torí Bọ̀dé kò ní fẹ́ mi mọ́, ó ti ń fẹ́ ọmọ olórí akọrin ìjọ wọn. Bọ̀dé dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tẹ fóònù. Mo wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà. Kò sí ẹ̀dà fún ìjọ, kò sí fún ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ̀dà mẹ́ta ni wọ́n fi bà mí jẹ́, ẹyọ kan ni wọ́n fi wá tọrọ ọmọ! Mo ní kí wọ́n máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi kó obì wọn tẹ̀lé wọn dé ìdí ọkọ̀, ó ní kí wọ́n kọ rìsíìtì fún òun pé wọ́n ti gbà á padà.

Ni mo bá lọ sí ọ́fíìsì social welfare. Obìnrin tó dá mi lóhùn ní bí bàbá ọmọ bá wà, ó yẹ kí òun náà fọwọ́ sí i. Mo gbé lẹ́tà àkọ́kọ́ kalẹ̀, n kò yọ ti kejì. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní èyí á wúlò. Ṣé ẹ rí i? Ìwé tí wọ́n fi dójú tì mí ni yóò gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ títí mo fi délé. Obìnrin náà ní tọkọtaya kan ń dúró de ọmọ, n kò ní mọ ìlú wọn, wọ́n á fún un lórúkọ mìíràn. Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn! Kí hẹ́dímásítà àti ìyàwó rẹ̀ máa wo ọwọ́ gbogbo ọmọdé tó bá kọjá, lọ́jà, ní bọ́dà, ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa ka ìka ọmọ ọlọ́mọ títí wọn á fi wọ sàréè.

Ohun tí mo wá jẹ́wọ́ gan-an rèé. Fọ́ọ̀mù náà bèèrè ìdí tí mo fi fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ pé n kò lágbára láti tọ́ ọ. Irọ́ ni. Oko bàbá mi ń bọ́ wa, ọmú mi kún. Èmi náà ti fi ọwọ́ ara mi kọ irọ́ nípa ọmọ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ní bó bá jẹ́ ìjà ni mo fẹ́, kí n lọ ju òkúta sórí páànù ilé wọn, òun á bá mi ṣa òkúta, ṣùgbọ́n ta ló ń fi ọmọ sọ̀kò? Láàárọ̀ àná bàbá mi gbé ọmọ lé itan, ó ní kí n ka lẹ́tà kejì fún òun. Mo kà á. Ó bèèrè àwọn tí wọ́n fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí. Mo ní kò sí. Ó ní ó dáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkì ilé wa ki ọmọ náà, ohùn rẹ̀ dé òpópónà.

Àtìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ yìí ti dà rú mọ́ mi lójú. Bí mo bá fọwọ́ sí i, ẹ̀san mi á pé, á dùn... ṣùgbọ́n ṣé èmi náà kò ní máa ka ìka ọmọ ọlọ́mọ lọ́jà? Ṣé kí n fọwọ́ sí i? Àbí ọ̀nà mìíràn wà tí mo lè fi jẹ wọ́n níyà, tí Olúgbódi á ṣì wà lẹ́yìn mi? Ẹ má sọ fún mi pé kí n dárí jì wọ́n, n kò bèèrè ìyẹn. Thursday, aago mẹ́wàá àárọ̀, ni wọ́n dá fún mi.