Ọwọ́ Òsì Tó Gbẹ́ Orúkọ Wa Sára Igi: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Pa Gbádéyan Akínṣọlá (1949–2025)

Ní Àgọ́-Aláyè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Odìgbó, ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta ọdún 1949, ni a bí Olóògbé Pa Gbádéyan Akínṣọlá. Akínṣọlá Ọlọ́rundáre, àgbẹ̀ kòkó, ni bàbá wọn. Ẹfúnróyè, tí ó ń hun ẹní tà, ni ìyá wọn. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni àwọn òbí méjèèjì, Bàbá kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gba èdè ilé lẹ́nu wọn. Títí wọ́n fi jáde láyé, ọghọ́ ni wọ́n ń pe ọwọ́, bí àwọn ọmọ-ọmọ tilẹ̀ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Láàrin ọdún 1956 sí 1962, Bàbá ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Odìgbó. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rántí jù nípa ilé-ìwé náà ni ìgbín tí Bàbá fi ọ̀bẹ gbẹ́ sára tábìlì kíláàsì. Olùkọ́ nà wọ́n dáadáa. Nígbà tí ó nà wọ́n tán, ó ní kí wọ́n wá gbẹ́ irú rẹ̀ fún òun.

Ní ọdún 1965, Bàbá lọ kọ́ṣẹ́ ìlagi ní sọ́mìlì kan ní Òrè. Ogun dé ní ọdún 1967, wọ́n sá padà sí oko bàbá wọn. Ọdún 1970 ni wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì.

Ní ọdún 1974, Bàbá fẹ́ Mama Oyèlọlá, tí ó ń ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Òrè nígbà náà. Òòyà onígi tí wọ́n gbẹ́ ẹyẹ sí lórí ni wọ́n fi tọrọ ìfẹ́ lọ́wọ́ Mama. Mama ní òòyà náà ń họ òun lórí, ṣùgbọ́n òun kò lè sọ, nítorí ẹni tí ó gbẹ́ ẹ ń wo òun lójú. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin dá wọn lọ́lá.

Ẹni tí ó bá mọ Bàbá dáadáa mọ̀ pé iṣẹ́ sọ́mìlì ni wọ́n fi jẹun, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ni wọ́n fi gbé ayé. Bí ayùn bá la gẹdú tán, àgékù tí àwọn ẹlòmíràn ń kó lọ dáná ni Bàbá ń ṣà sínú àpò. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbẹ́ ẹyẹ, ewé kòkó, férémù àwòrán, àti pàápàá pákó orúkọ tí à ń gbé kọ́ ara ògiri. Bí ẹnìkan bá bímọ nínú ẹbí tàbí láàrin ọ̀rẹ́, Bàbá kì í fọwọ́ kan igi títí di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Àárọ̀ ni wọn yóò gbọ́ orúkọ, wọn yóò kúrò níbẹ̀ láìjẹun yó. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti gbẹ́ orúkọ náà tán pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn orí rẹ̀. Wọ́n ní bí orúkọ kò bá ní àmì, ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń pè.

Ẹni tí ó bá ń ṣe ìgbéyàwó náà ń gba iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀. Òfin méjì ni Bàbá fi lélẹ̀. Wọn kì í tà á, bí àwọn arìnrìn-àjò Èkó tilẹ̀ ń bẹ̀ wọ́n. Wọn kì í sì í rán ẹnikẹ́ni lọ fi jíṣẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún tí ó gbẹ́ ẹ náà ni yóò gbé e lé ẹni tí ó ni ín lọ́wọ́.

Ọdún 1985 ni Bàbá pàdé Alhaji Waheed Gàzálì, ọmọ Ìwó tí ó ń gbé ní Òrè, awakọ̀ tí ó máa ń wá kó gẹdú ní sọ́mìlì. Ẹgbẹ́ ni wọ́n, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ̀ bí ẹ̀wù. Kò sí ọdún iléyá tí ilé Akínṣọlá kì í jẹ ẹran láti ilé Alhaji, kò sì sí Kérésìmesì tí Alhaji kì í wá bá Bàbá jẹ ìrẹsì.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ ọdún 1998, ayùn mú ọwọ́ ọ̀tún Bàbá. Ìka mẹ́ta lọ, méjì tí ó kù kò sì lè di nǹkan mú mọ́. Nígbà tí egbò jinná, wọ́n fi Bàbá sí ìdí yíyẹ gẹdú wò kí ó tó dé ẹnu ayùn, iṣẹ́ tí kò gbà ju ojú lọ. Gbogbo ẹni tí ó wá kí wọn ń sọ pé kí wọ́n dúpẹ́. Bàbá dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú wọn bàjẹ́, ẹbí kò ní fi ìyẹn pamọ́.

Kò pẹ́ tí Mama fi ṣàkíyèsí pé Bàbá ń pẹ́ nínú àká kòkó ní ọ̀sán. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń kọ́ bí a ti ń di ọ̀bẹ mú. Odidi ọdún méjì ni ẹyẹ fi ń jáde bí ọ̀pọ̀lọ́, tí ewé kòkó ń jáde bí etí ewúrẹ́. Mama ní igi ìdáná kò wọ́n òun rárá ní ọdún méjèèjì yẹn. Nígbà tí ọdún 2001 fi ń parí lọ, ẹyẹ ti ń jọ ẹyẹ.

Ìgbà náà ni ìṣòro gan-an bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Bàbá rò ó pé bí a kò bá gbọdọ̀ fi òsì gbé omi fún àlejò, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ orúkọ ọmọ tuntun. Wọ́n gbà pé ẹni tí ó bá gbé irú rẹ̀ kọ́ ilé, àbùkù ni ó gbé kọ́. Nítorí náà, wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọ́n ń dì í sínú àpò sìmẹ́ǹtì, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sókè àjà. Fún ọdún márùn-ún, ìrẹsì ni Bàbá ń gbé lọ sí ìkómọ àti ìgbéyàwó bí gbogbo ènìyàn. Àwọn kan ń sọ ọ́ kiri Odìgbó pé ayùn ti gé inú rere Bàbá mọ́ ìka wọn. Bàbá gbọ́, wọ́n sì padà sínú àká.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, Alhaji Waheed so yìgì Hafeezah, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo. Ìrẹsì ni Bàbá gbé lọ. Alhaji ti fi àyè sílẹ̀ lára ògiri pálọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀; ó ní bí ọwọ́ kò tilẹ̀ lè gbẹ́ tuntun, ṣé kò sí ògbólógbòó kan nílé ni? Ó dùn ún dọ́kàn. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni àwọn méjèèjì kò fi kí ara wọn. Ó le kú, ìjà Òrè, ni àwọn awakọ̀ gáréèjì sọ ọ̀rọ̀ náà dà.

Ní oṣù Keje ọdún 2007, òjò ń jò sí yàrá. Mama ní kí Tẹjú, àkọ́bí wọn, gun àjà lọ wo ibi tí páànù ti lu. Àpò sìmẹ́ǹtì ni Tẹjú bá níbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mẹ́tàlélógún ni ó sì wà nínú rẹ̀, orúkọ ẹni tí ó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀. Ti Hafeezah wà lókè pátápátá: ẹyẹ méjì lórí ẹ̀ka kan. Mama kò bá ọkọ rẹ̀ sọ nǹkan kan. Ó ró ìró, ó gun ọ̀kadà, ó di ilé Alhaji.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun alásárì, Alhaji wọlé, ó ní kí wọ́n gbé ẹrù òun fún òun. Bàbá bú sẹ́kún. Wọ́n ní, "Waheed, ọghọ́ òsì ni mo fi ṣe é. Ẹ̀yin Mùsùlùmí kì í fi òsì gba nǹkan, n kò fẹ́ tàbùkù ọmọ rẹ."

Alhaji jókòó, ó sì dáhùn pé, "Gbádéyan, ọ̀tún ni mo fi ń yí jíà. Òsì ni mo fi ń di sítíárì mú láti ọjọ́ tí mo ti ń wakọ̀. Gbogbo ẹni tí mo fi ọkọ̀ gẹdú gbé dé Èkó láyọ̀, ọwọ́ òsì mi ló gbé e débẹ̀. Ta nínú wọn ló ní mo tàbùkù òun?"

Ó wá na ọwọ́ òsì tirẹ̀, ó fi gba ẹyẹ méjì náà lọ́wọ́ òsì Bàbá. Ara ògiri ilé Hafeezah ní Ìwó ni ó wà títí di òní.

Láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, Bàbá fúnra wọn gbé gbogbo rẹ̀ kárí Odìgbó, Òrè, títí dé Agbabu. Ọmọ kan tí ó yẹ kí ó gba tirẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ ti ń lọ sí ilé-ìwé pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn. Bàbá àgbà kan ní Aráròmí-Òbú kọ̀ ọ́, ó ní òun kò gba ti ọwọ́ òsì. Bàbá kò bá a jà. Wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni àgbà náà sọ, wọ́n sì gbé e padà sílé wọ́ọ́rọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà títí di ọdún tí ó kọjá, kò sí ọmọ tí a bí nínú ẹbí yìí tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára igi.

Ọmọ ìjọ Áńgílíkà tòótọ́ ni Bàbá. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ ewé àjàrà tí ó yí àga ìwàásù ká ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Àwọn náà ni wọ́n gbẹ́ pátákó àdúgbò tí ó ń júwe ọ̀nà ilé ìgbẹ̀bí, àwọn aboyún sì ń fi í mọ̀nà.

Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Mama Oyèlọlá ni ó gbẹ̀yìn wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ: Tẹjú, Ọlọ́rundáre, Eli àti Pamílẹ́rìn, ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, àti Alhaji Waheed Gàzálì, tí ẹbí kò mọ ibòmíràn tí à bá kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ẹbí fẹ́ kí ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn mọ̀ kí a tó dé etí isà. Ẹ ó rí bàbá arúgbó kan tí ó wọ jálámíà funfun. Òun ni yóò kọ́kọ́ bu yẹ̀pẹ̀, ọwọ́ òsì ni yóò sì fi bù ú. Ó ti wá tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹbí, Mama sì ti gbà fún un. A bẹ̀ yín, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a wí. Ọ̀rẹ́ ni ó ń kí ọ̀rẹ́.

Ẹ sùn re, Gbádéyan ọmọ Akínṣọlá. Ọghọ́ yín méjèèjì ti ṣiṣẹ́ tó. Ẹ gbé wọn lé àyà, kí ẹ sinmi.