Kí Ìkíni Kún, Kí Ọ̀rọ̀ Kúrú

Àpáàrà,
Ọ̀yọ́.

Zulaikha ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù àléékúmù. Mo kí ọ kú iṣẹ́ ìwé, mo sì kí ọ kú ooru Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣé ara le? Ṣé gbogbo ará họ́sítẹ́ẹ̀lì yín ní Under G wà ní àlàáfíà? Ara tèmi le, àmọ́ inú mi kò dùn, ìwọ lo sì bà á jẹ́.

O rántí pé nígbà tí bàbá mi kú, tí ẹbí ní kí ìyá mi kó kúrò nínú ilé, èmi àkọ́bí ló kàn láti gbẹnu sọ fún ìyá mi ní ìpàdé ẹbí. Ẹ̀rù bà mí, nítorí o mọ ẹnu mi: tí ọ̀rọ̀ mi bá ń lọ sí ọjà Àkẹ̀sán níbí, Ìbàdàn ló máa ń gbà. Ìwọ lo sọ fún mi pé, "Haneefah, kí ìkíni kún, kí ọ̀rọ̀ kúrú." O ní kí n máa gba ohùn mi sílẹ̀, kí n máa fi ránṣẹ́ sí ọ lórí Wáàsáàpù, kí o lè máa bá mi gé e.

Èyí àkọ́kọ́ gùn kọjá sísọ. Mo sunkún nínú rẹ̀, mo ro àìsàn bàbá mi látòkè délẹ̀, mo tún bú àbúrò wọn, Alhaji Kareem. O ò rẹ́rìn-ín. O ní, "Kí ni kókó ibẹ̀ gan-an? Òun ni kí o kọ́kọ́ sọ." Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń gé e, títí ó fi ku gbólóhùn mélòó kan. Mo ṣàdúrà fún ọ nígbà náà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, mo kúnlẹ̀, mo kí àwọn bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí n tó sọ̀rọ̀, Alhaji Kareem yọ fóònù. Ohùn mi ni mo gbọ́, àtẹkún àtèébú. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, ìyá mi sì fi ìborùn bojú. Ìwọ nìkan ni mo fi ohùn yẹn ránṣẹ́ sí, Zulaikha!

Mo jẹ́ kí ó parí. Mo wá ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ dárí èébú yẹn jì mí. Ìyá mi ló tọ́jú bàbá mi títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbé ilé ọkọ wọn." Ẹ̀rín dá. Àgbà ilé ní kí ìyá mi má kó lọ síbì kankan. Ẹ̀kọ́ rẹ ṣiṣẹ́, òun gan-an ló sì dùn mí jù.

Lẹ́yìn ìpàdé ni Mubaraq, ọmọ Alhaji, jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní ìwọ àti òun ń fẹ́ra, pé o fi ohùn náà ránṣẹ́ sí òun kí ẹ lè jọ rẹ́rìn-ín, òun sì fi ránṣẹ́ sí bàbá òun. Ẹ̀yìnkùlé ni ọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Mi ò mọ̀ pé wọ́n tún ń gbé Under G.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ìwé rẹ, kí ó má sì jẹ́ kí ẹni tí o fọkàn tán tà ọ́ bí o ṣe tà mí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Odindi rẹ̀ ni mo sọ fún ọ yìí: má pè mí mọ́.

Èmi ni ẹni tó ti jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ rí,
Haneefah.

Àfikún: Ìyá mi kò mọ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ ni ohùn yẹn ti jò. Wọ́n ní kí n kí ọ, wọ́n sì ń béèrè ìgbà tí o máa wá sílé.