Ògiri Tí Kò Wó: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ọ̀mọ̀wé Abdulganiyu Àkànó Kéwúlérè (1966–2025)

Ní agbo ilé Kéwúlérè, Ìwó Olódò Ọbà, ni a ti bí Olóògbé ní ọdún 1966. Alfa Abdullateef Kéwúlérè ni bàbá wọn, Ìyá Àtọ́kẹ́ ni ìyá wọn. Bí Alfa bá kọ́ ọmọ ní kéú tán láàárọ̀, wọ́n á lọ mọ ilé alámọ̀ fún ará ìlú.

Ní ọdún 1978 ni wọ́n ṣe wòlímọ̀ fún Olóògbé. Bí wọ́n ṣe ń ka Kùránì sókè lójúde, wọ́n ṣi ibì kan kà. Alfa kan láti Kuta tún un ṣe lójú gbogbo èèyàn, Olóògbé sì bú sẹ́kún. Bàbá wọn ní, "Nu ojú ẹ. Ẹni tó bá ń ka tiẹ̀ sínú, ta ni yóò bá a tún un ṣe?"

Alfa jáde láyé ní 1981. Gàrí tí Ìyá Àtọ́kẹ́ ń fi orí rù wá láti Olúpọ̀nnà ló rán Olóògbé ní iléèwé girama. Nígbà tí yunifásítì gbà wọ́n ní 1985, kò sí owó. Amọ̀ ni wọ́n pò fún odidi ọdún kan kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n fẹ́ Alhaja Lateefat, olùkọ́, ní 1995. Ní 2006 ni wọ́n gba oyè ọ̀mọ̀wé.

Iṣẹ́ tí wọ́n fi ayé wọn ṣe ni ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n sọ ní Erùpẹ̀. Òun ni olùwádìí fi ń mọ ẹrù tí ohun ìkọ́lé lè gbé. Á kọ́kọ́ wo bí hóró amọ̀ ṣe di ara wọn mú, á gé odidi ògiri sí wẹ́wẹ́, á ṣírò ohun tó dé bá wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan, á wá tò wọ́n padà di ilé. Wọn kò tì í pa. Ẹnikẹ́ni lè lò ó lọ́fẹ̀ẹ́, kí ó tú inú rẹ̀ wò, kí ó sì tún un ṣe.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ 2012, wọ́n bu amọ̀ lára ilé tí bàbá wọn mọ, wọ́n sì fi Erùpẹ̀ wò ó. Kọ̀ǹpútà ní ògiri ojúde kò ní la òjò ọdún náà já. Ni wọ́n bá kó Ìyá Àtọ́kẹ́ tẹní tewúrẹ́ lọ sí Olúpọ̀nnà. Òjò rọ̀, ó dá, ògiri kò tilẹ̀ sán. Ìyá padà dé tẹ̀ríntẹ̀rín: "Àkànó, kọ̀ǹpútà rẹ mà parọ́ mọ́ òkú bàbá rẹ o!"

Ẹnìkejì wọn níbi iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣẹ́gun, bẹ̀ wọ́n pé, "Ọ̀gá, ẹ yáa gbé Erùpẹ̀ kúrò níta kí ayé tó fi wá ṣe yẹ̀yẹ́." Wọn kò gbà. Wọ́n kó gbogbo ìṣirò náà síta lórí ayélujára, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé Erùpẹ̀ ṣe àṣìṣe, àwọn kò sì mọ ìdí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olùkọ́ kan tí wọn kò rí rí, Matthew, kọ̀wé láti òkè òkun: "Ìṣirò yín dáa. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí amọ̀ tí ẹ bù yìí tutù báyìí nínú ọ̀gbẹlẹ̀?" Ojúde ilé bàbá wọn ni Olóògbé jókòó sí tí wọ́n ń kà á. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí bútà lẹ́sẹ̀ ògiri. Ibẹ̀ ni gbogbo agbo ilé ti ń ṣe àlùwàlá! Ẹ̀kúnwọ́ amọ̀ tútù kan ni wọ́n ní kó jẹ́rìí fún odidi ògiri. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn àti Matthew jọ tún un ṣe: láti ọjọ́ náà, Erùpẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ àfi tí a bá bu amọ̀ láti ibi púpọ̀ fún un.

Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí apá rẹ̀ kò ká ètò olówó gọbọi ń fi Erùpẹ̀ gboyè ní ìlú tí Olóògbé kò dé rí.

Wọ́n ṣe Hájì ní 2016. Lọ́jọọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní ìṣirò ní mọ́sálásí, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n sin Ìyá Àtọ́kẹ́ ní 2019, àwọn náà sì jẹ́pè Ọlọ́hun ní 2025 lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́.

Wọ́n fi Alhaja Lateefat sáyé lọ, àti àwọn ọmọ: Ismaeel, Sodiqat àti Raheemah, tí òun àti Matthew ń tọ́jú Erùpẹ̀ báyìí, àti àwọn ọmọ-ọmọ: Àbdùlsàmàd àti Fàtímọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn, ògiri tí ẹ fẹ̀yìn tì lójúde yìí ni kọ̀ǹpútà ní yóò wó. Ẹ fara tì í dáadáa.

Àkànó ọmọ Alfa, kí Ọlọ́hun fẹ sàréè yín, kí Ó bá yín tún ibi tí ẹ bá ti ṣì í kà ṣe. Ẹ sùn ire. Ilé yín dúró.