Fọ́ọ̀mù Tí Mi Ò Fi Ránṣẹ́

Olóòtú ètò wa lórí rédíò, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ ti gbọ́ pé wọn ò fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní físà láti lọ wo òkun ní Yúróòpù. Irọ́ ni, èmi tíṣà wọn ni mo pa á. Bàbá ọmọ kan kọ̀, kò buwọ́ lu fọ́ọ̀mù físà ọmọ rẹ̀. Níléèwé abúlé tí mo lọ ní kékeré, a kì í fẹnì kan sílẹ̀, ni mo bá di fọ́ọ̀mù gbogbo wọn mú, mò ń bẹ bàbá yẹn títí ọjọ́ tí wọ́n dá fún gbígba fọ́ọ̀mù fi kọjá.

Ọ̀gá iléèwé wa dúró tì mí, àwọn òbí dúró tì mí. Mi ò ka àtìlẹyìn wọn sí mọ́, torí irọ́ ni wọ́n dúró tì.

Lánàá, ọmọ bàbá tó kọ̀ yẹn gan-an ní, “Tíṣà, ẹ pẹ̀lẹ́. Àwọn onífísà yẹn mà burú o!”

Bí mo bá jẹ́wọ́, òun ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa dá lẹ́bi nítorí bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n dákẹ́ ni?

Èmi ni,
Tíṣà Alágídí.