Wọ́n Hú Mudan Wa Nígbà Ìrúwé

Ẹ̀yìn odi Luoyang,
Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ọdún ìgbálẹ̀ ibojì.

Ruizhen ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé ara rẹ le? Ṣé aṣọ rírán tí ẹ ń rán ní Guangzhou kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í dun ojú rẹ? Ara tèmi le. Ti bàbá rẹ náà le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi kò dùn sí i, mi ò sì ní fi pamọ́ fún ọ. Wá ibi jókòó sí kí o tó kà á síwájú.

Bàbá rẹ ti hú òdòdó mudan ilé wa fún àwọn àna rẹ. Òun náà ni, èyí tí ìyá rẹ̀ gbé wọlé nígbà tó wá ṣe ìyàwó níbí, tí a fi pòròpórò bò láwọn ọdún tí wọ́n ń sọ pé ohun àwọn olówó onílẹ̀ ni òdòdó, kí wọ́n má baà gé e. Ó ti rudi mọ́kàndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ẹyin adìẹ. Ìwọ náà mọ bó ṣe máa ń rí tó bá tanná: pupa tó fẹ́ẹ́ dúdú, ó ká léra bí aṣọ inú àpótí, òórùn rẹ̀ á gba àgbàlá dé ilé ìdáná.

Àdéhùn wa ni pé tó bá di ìgbà ìwọ́wé, a ó pín in sí méjì, kí ìdajì bá ọ lọ sílé ọkọ. Mudan ni ọlá, òun ni ọlà. Ìyàwó tó gbé e dání kò wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Ṣùgbọ́n Bàbá Baotian, bàbá àfẹ́sọ́nà rẹ, kò lè dúró. Ọ̀gá iṣẹ́ rẹ̀ ń bọ̀ wá wo àjọ̀dún mudan, ó sì fẹ́ kí ọkùnrin náà bá òdòdó lẹ́nu ọ̀nà òun. Ó gbé ọtí wá bá bàbá rẹ lọ́jọ́ tí mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi. Kí n tó dé, ihò ló kù.

Mo ní, "Bàbá Ruizhen, ta lẹ fẹ́ sin síbí?"

Ó ní, "Má pariwo. Àna ni, mi ò lè kọ̀ fún un."

Mo ní, "Ọmọ ọdún mẹ́fà ládùúgbò yìí mọ̀ pé mudan tí wọ́n bá ṣí nípò nígbà ìrúwé, títí á fi gbó, kò ní tanná!"

Ó ní bóyá tiwa á yàtọ̀. Bóyá!

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, Ìyá Baotian dé. Kò jókòó, kò mu tíì. Ó ní, "Ìyá Ruizhen, òdòdó yín ti sorí kọ́ o. Àwọn ará ilé wa ń sọ pé ọlá tí ọmọ yín ń gbé bọ̀ ti rọ kó tó dé. Ẹ jẹ́ ká sún ìgbéyàwó náà síwájú ná." Ruizhen, àwọn ló pa á, ìwọ ni wọ́n ń dì í rù!

Mo gbé ọmọlanke, ó di ilé wọn. Mo bá Bàbá Baotian tó ń da omi sí mudan náà, garawa lórí garawa.

Mo ní, "Ẹ dáwọ́ dúró! Gbòǹgbò tó sanra bí iṣu, ṣé ẹ fẹ́ kó jẹrà ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àna mi, omi ni mo fún un, kì í ṣe májèlé."

Mo ní, "Òdòdó tí ọbabìnrin ayé àtijọ́ ní kó tanná nínú òtútù, tó kọ̀, tí wọ́n fi lé e kúrò ní olú-ìlú wá sí Luoyang, ṣé torí ọ̀gá yín ló máa wá tanná?"

Àwọn aládùúgbò bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ló bá ní bó bá kúkú fẹ́ kú, òun á bó èèpo gbòǹgbò rẹ̀ tà fún oníṣègùn. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, wọ́n ti gé gbòǹgbò kan sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo hú u.

Baotian dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Màmá, mo sọ fún wọn pé àsìkò kọ́."

"Kí wọ́n tó hú u ni, àbí lẹ́yìn tí wọ́n hú u?"

Ó wo ilẹ̀. "Lẹ́yìn ẹ̀ ni, màmá."

Mo ti gbìn ín padà. Ọwọ́ ara mi ni mo fi gé ìrudi mọ́kọ̀ọ̀kàndínlógún, kó má baà lo agbára tí kò ní, mo sì fi eérú pa ojú ọgbẹ́ rẹ̀. Bí yóò yè, mi ò mọ̀.

Mo ránṣẹ́ sí wọn pé kí wọ́n má sún ọjọ́ kankan. Mo ti gba ọjọ́ náà padà títí o ó fi sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí o má fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ilé tí kò lè ṣe sùúrù oṣù márùn-ún fún òdòdó, bí ọmọ bá pẹ́ kó tó dé, ṣé wọ́n á ní sùúrù fún ọ? Ìwọ lo máa bá wọn gbé, kì í ṣe èmi. Èmi ni kí o kọ̀wé sí. Ohunkóhun tí ènìyàn bá bi bàbá rẹ, bẹ́ẹ̀ ni ló máa ń dáhùn.

Kí ojú rẹ mọ́lẹ̀ kedere. Kí ẹsẹ̀ rẹ má gbé ọ síbi tí wọn ò ti mọ iyì rẹ. Wàá ṣe oríire, wàá jẹ èrè rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Qiao Guixiang.

Mo gbàgbé: láàárọ̀ yìí, kí n tó lẹ lẹ́tà yìí, Baotian gbé ẹní koríko wá. Kò wọlé, kò kí bàbá rẹ. Ó ri igi mẹ́rin mọ́lẹ̀, ó ta ẹní náà bo mudan kí oòrùn má pa á, ó sì lọ. Bàbá rẹ̀ kò mọ̀ pé ó wá. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ o, ṣùgbọ́n n kò ní fi ohun tí mo rí dù ọ́.